Ọjọ́ Tí Gbogbo Wa Ń Jẹ́ Niiya

Alága ìjókòó yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ apẹja, tẹ́ ẹ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn yín fún wa lónìí, tẹ́ ẹ kó àwọ̀n yín síta kí á lè ríbi jókòó sí, mo kí yín o. Àlùfáà tẹ́ńpìlì wa, tó ka àdúrà ọdún kan fún olóògbé láàárọ̀ yìí, mo tẹrí ba fún yín. Ẹ̀yin àlejò wa láti Sakazu, pàápàá Ọ̀gbẹ́ni Kurose, kóòṣì wọn, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ ń fa wàhálà láti ìgbà tí irun ti wà lórí àwa méjèèjì, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ìyá Kozue, ìyàwó Niiya wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àfaradà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Tobera, mo kí ẹ̀yin náà, ẹ fi ẹja díndín yẹn sílẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ tán. Tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, ẹ̀yin èèyàn mi gbogbo, mo kí yín kú ìkàlẹ̀.

Ohun méjì ni wọ́n ní kí n ṣe lónìí. Èkíní ni pé kí n dágbére, torí mò ń fi ipò kóòṣì sílẹ̀. Èkejì ni pé kí n mú bọ́ọ̀lù tí a fi gba àsíá ìdíje etíkun ní ìgbà ìwọ́wé tó kọjá, kí n fà á lé Ìyá Kozue lọ́wọ́, kí wọ́n lọ gbé e síwájú àwòrán ọkọ wọn níbi pẹpẹ ilé wọn. Èkíní ò ṣòro. Ta ló máa ń ṣòro fún láti lọ sílé? Èkejì ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Bọ́ọ̀lù náà nìyí, ó wà lápò kóòtù mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwọ́wé. Ìyá Kozue ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà àkọ́kọ́ mo ní mò ń wá àpótí tó máa bá a mu. Nígbà kejì mo ní mo ti rí àpótí, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ìyá Kozue, ẹ forí jì mí, kò sí àpótí kankan níbì kankan. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò mọ̀ bóyá a borí lọ́jọ́ yẹn tàbí a ò borí.

Ẹ má wo ara yín lójú bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àsíá wà lẹ́yìn mi níbí, mo mọ̀ pé gbogbo ìlú ló jó lọ́jọ́ náà. Orí mi pé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ bá mi rò ó, torí èmi ti rò ó títí, ó ti rò mí pa.

Onígbàjámọ̀ ni mí, gbogbo yín mọ̀. Kò sí orí ọkùnrin kan ní Tobera yìí tí ọwọ́ mi ò tíì kàn. Nígbà tí kóòṣì àtijọ́ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Osaka, wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní èmi ni kí n gba iṣẹ́ náà, torí pé èmi nìkan ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú máa ń jókòó jẹ́ẹ́ níwájú mi. Kì í ṣe pé mo mọ bésíbọ́ọ̀lù. Abẹ fífẹ́lẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ló ń mú wọn jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo ṣe di kóòṣì nìyẹn, tí mo sì ṣe é títí tí àwọn tí mo kọ́kọ́ kọ́ fi ń mú ọmọ wọn wá bá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo sì tọrọ àforíjì, torí mo mọ̀ pé ìbínú mi yá. Hori, dìde kí wọ́n rí ọ. Hori yìí, mo fá orí rẹ̀ kodoro lọ́dún kan nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n nà wá. Lẹ́yìn tí mo fá a tán ni ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kò rẹ́rìn-ín, eyín ló ń dùn ún. Má jókòó, Hori, mo ṣì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Ó dáa, jókòó.

Ẹni tó mọ bésíbọ́ọ̀lù láàárín wa ni Niiya Sadamu. Ẹ̀yin ará Sakazu mọ̀ ọ́n dáadáa, torí kò sí ẹni tí kò bú rí nínú yín. Òun ló máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, tó ń hán bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù wa bá jù. Láàárọ̀ kùtù ó ti wà lórí omi, ó ń fún ẹja tí wọ́n ń sìn nínú àgọ́ àwọ̀n lóúnjẹ, nígbà tó bá sì fi máa dé pápá, òórùn ẹja á ti ṣáájú rẹ̀ dé. Bó ṣe ń lóṣòó ló ń sọ̀rọ̀. Ajubọ́ọ̀lù wa á ti gbé ẹsẹ̀ sókè, Niiya á wá rọra bi ẹni tó fẹ́ gbá a pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyàwó yín ti wá dárí jì yín báyìí?" Ẹni yẹn á ní, "Dárí kí ni jì mí?" Bọ́ọ̀lù á ti kọjá lára rẹ̀. Rẹfirí á kìlọ̀ fún un. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kàn ń kí èèyàn ni, ṣé kíkí èèyàn ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

Tí Ọ̀gbẹ́ni Kurose yìí bá sì jáde ní bẹ́ǹṣì wọn láti wá bá rẹfirí jà, Niiya á yọ ìbojú irin rẹ̀, á ní, "Bàbá Kurose, ẹ rọra rìn o, ìbàdí yín tún máa yẹ̀. Ta lẹ fẹ́ kó gbé yín lọ sílé? Èmi ti gbé ẹja láti àárọ̀, ó ti rẹ̀ mí." Kurose á ní, "Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí bàbá rẹ tó mọ ìyá rẹ." Niiya á ní, "Mo gbọ́. Ìyá mi ní torí bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ṣe fẹ́ agbábọ́ọ̀lù." Wọ́n á máa fà á títí rẹfirí á fi gbàgbé ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Tí eré bá parí, àwọn méjèèjì á jọ lọ jẹ núdù lẹ́bàá èbúté, ẹni tó bá pàdánù ni wọ́n á bù fún jù. Ẹ mi orí, Ọ̀gbẹ́ni Kurose, kí wọ́n mọ̀ pé mi ò parọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé Kóòṣì Orita, èmi yìí, gbọ́n, pé bó ṣe ká apá lé àyà ní bẹ́ǹṣì yẹn, ó ti rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ẹ wá gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ẹlòmíì, kóòṣì ló máa ń fọwọ́ ṣe àmì fún ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù. Nínú tiwa, ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù ló ń ṣe àmì fún kóòṣì. Bí Niiya bá fọwọ́ kan orúnkún, mo mọ̀ pé ó ti rẹ ajubọ́ọ̀lù, kí n pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá họ etí, kí n ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn sún sẹ́yìn sí i. Bó bá tutọ́ sílẹ̀, kí n jókòó, kí n má sọ nǹkan kan. Ó máa ń tutọ́ púpọ̀.

Òun náà ló máa ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú bẹ́ǹṣì nígbà tó bá kàn wá láti gbá bọ́ọ̀lù. "Ìwọ ló kàn. Ìwọ, ìwọ ló tẹ̀ lé e, dé akoto rẹ. Ìwọ, lọ tọ̀ báyìí, kó má di pé ó kàn ọ́ kó o máa wá mi ẹsẹ̀." Èmi á ká apá lé àyà. Ẹ ò rí i pé mo ti gba ìyìn tí kì í ṣe tèmi? Bí a bá ń pín ọgbọ́n ẹgbẹ́ yìí, ìdá tèmi ò pọ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó wà láyé, mi ò kàn mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Kí ni mo ń sọ bọ̀? Ẹ̀n-ẹ́n, àìsàn. Àìsàn inú ló mú un, kò sì fún wa láyè. Ní ìgbà òtútù ló ń sọ pé oúnjẹ kì í dà nínú òun mọ́, nígbà tí ìtànná fi máa yọ lórí òkè tẹ́ńpìlì, a ti sin ín. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, mo lọ gẹ irun rẹ̀, ó bi mí pé, "Kóòṣì, lẹ́yìn mi, ta lẹ máa fi sípò?" Mo ní kó má dààmú. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mò ń dààmú, ojú yín ni mò ń wò." Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí, mo sunkún.

Nígbà tí ìdíje etíkun tún dé, àwọn ọmọ náà gbìmọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bọlá fún Niiya, pé ní ọjọ́ àṣekágbá, gbogbo àwọn máa wọ jẹ́sì rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn gbogbo wọn, orúkọ Niiya lẹ́yìn gbogbo wọn. Sumako tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, òun ló máa ń pe orúkọ ẹni tó bá kàn lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó pe gbogbo wọn ní Niiya. Àwọn alábòójútó ìdíje gbà. Sakazu gbà. Mo fọwọ́ sí i. Ta ni kò ní fọwọ́ sí i? Ohun rere ni. Títí di òní, mo ṣì gbà pé ohun rere ni.

Ẹ rántí bó ṣe rí. Ẹni àkọ́kọ́ jáde, ohùn Sumako dún lórí pápá pé, "Ẹni tó kàn, Niiya, nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n." Àwọn àgbà obìnrin fi àǹkáṣíìfù bojú. Ẹni kejì jáde, "Ẹni tó kàn, Niiya." Ẹkún tún sọ. Ṣùgbọ́n ẹkún náà máa ń sú èèyàn, ẹ̀yin náà mọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Niiya gbá bọ́ọ̀lù, Niiya sáré, Niiya tó wà níwájú ṣubú, Niiya ẹ̀yìn fẹsẹ̀ kọ ọ́. Àwọn ará Sakazu ń pariwo pé, "Ẹ mú Niiya," àwọn tiwọn ń bi ara wọn pé èwo nínú wọn. Akọ̀wé eré pàápàá, Niiya ló ń kọ lọ títí. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ó wá di ìparí. Ayò kan ni Sakazu fi ń ṣíwájú wa. Ẹni méjì nínú wa ni wọ́n ti lé jáde nínú eré, bí wọ́n bá lé ẹni kẹta jáde, eré ti tán nìyẹn. Ẹni wa kan wà ní ibùdó kejì, ẹni wa kan wà ní ibùdó kẹta, bí àwọn méjèèjì bá dé ilé, àwa la borí. Hori yìí ló kàn. Hori, dìde. Ẹ wò ó dáadáa, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn igi rẹ̀ ò tíì kan bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn Hori ni Mukai, gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá sì jù sí Mukai ló ń gbá lọ́jọ́ yẹn.

Mo dìde. Mo pariwo pé, "Niiya, ìwọ ló kàn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Nígbà tí mo pariwo yẹn, kì í ṣe Hori ni mò ń pè. Niiya ni mò ń pè. Mò ń retí kó dìde, kó rìn wá síwájú bẹ́ǹṣì, kó sọ fún mi ẹni tó kàn. Mo gbàgbé pé ó ti kú. Mo wo ojú bẹ́ǹṣì látòkè délẹ̀, gbogbo wọn ni Niiya, kò sì sí Niiya níbẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi padà wá sí ọ̀dọ̀ ara mi, ẹnì kan ti mú igi, ó ti ń lọ. Ká ní kò dé akoto ni, ǹ bá ti dá a mọ̀, torí èmi tí mò ń gẹ irun wọn, ẹ̀yìn orí ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Akoto ni mo rí. Mo ní nínú ara mi pé, Hori nìyẹn, Ọlọ́run ṣàánú wa.

Bọ́ọ̀lù dé, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù la àárín àwọn ará Sakazu méjì tó wà lẹ́yìn kọjá, ó lọ kan ògiri. Àwọn wa méjèèjì dé ilé. Ẹ rántí ariwo tó sọ. Wọ́n gbé mi, wọ́n ń jù mí sókè, gíláàsì ojú mi bọ́, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ fọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì tò síwájú ara wọn bí a ṣe máa ń tò, a ṣí fìlà, a tẹrí ba fún ara wa, rẹfirí ní eré ti parí. Mo gba bọ́ọ̀lù, mo fi sápò.

Níbi tí a ti ń jẹun ni Hori ti la ẹnu. Ẹja wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣebí èmi ló yẹ kó kàn lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní, "O ti gbá a. Máa jẹun."

Ó ní, "Èmi kẹ̀? Mukai ló gbá a."

Mo yíjú sí Mukai. Mukai ní, "Ẹ pe Niiya, ẹ wá nawọ́ sí mi."

Mo ní, "Ṣé mo nawọ́ sí ọ?"

Ó ní, "Ẹ nawọ́ síbì kan, èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

Mo bi Hori pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní òun rò pé mo ti pààrọ̀ òun nítorí pé òun ò mọ̀ ọ́n gbá, pé ojú ti òun láti béèrè. Mo ní kí àwọn méjèèjì pa ẹnu mọ́. Wọ́n pa á mọ́. Èmi ni ò lè sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ òfin eré yìí, ẹ gbọ́. Bí ẹni tí kò kàn bá lọ gbá bọ́ọ̀lù, kóòṣì kejì lẹ́tọ̀ọ́ láti ké sí rẹfirí. Bó bá ké, ẹni tó yẹ kó gbá a ti jáde nìyẹn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá di òfo. Lọ́jọ́ yẹn, Hori ì bá jáde, ẹni kẹta ì bá pé, àwa la pàdánù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ké kí a tó tò, kí a tó tẹrí ba. Bí a bá ti tẹrí ba, ẹnikẹ́ni ò lè ṣí i mọ́. Sakazu ò ké. A tẹrí ba. Ṣé a borí nìyẹn àbí a ò borí?

Ṣé wọn ò rí i ni? Ọwọ́ òsì ni Mukai fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọ̀tún ni Hori. Ọmọ ọwọ́ máa rí i. Àbí wọ́n rí i, wọ́n ṣàánú wa? Bí wọ́n bá ṣàánú wa, ṣé àánú ni kí n lọ gbé síwájú àwòrán Niiya? Ẹ̀yin náà rántí ọdún tí òun fúnra rẹ̀ lọ bá rẹfirí, tó ní bọ́ọ̀lù yẹn bọ́ lọ́wọ́ òun nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó rí i láàárín wa, tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ nà wá. Mo bú u lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Kóòṣì, bí mo bá fi irọ́ borí, tí mo gbé e délé, níbo ni mo fẹ́ gbé e sí?" Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣé irú bọ́ọ̀lù yìí lèèyàn máa gbé síwájú rẹ̀? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mi ò fẹ́ kó bá a lórí pẹpẹ Niiya.

Ọ̀gbẹ́ni Kurose, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo fi gbogbo ìgbà òtútù rò ó pé kí n wá bá yín ní Sakazu, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Níwájú gbogbo èèyàn yìí, ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ rí i?

Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn? Ó ní òun rí i.

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ó ní kí Mukai tó gbé ìgbésẹ̀ kẹta ni òun ti mọ̀ pé kì í ṣe Hori. Ó ní òun kọ́kọ́ dúró kó gbá a ná, torí bí kò bá bà á, kí ni òun ń ké fún? Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, mo ti sọ fún yín. Ó ní nígbà tó gbá a, òun dìde, òun gbé ẹsẹ̀ kan jáde ní bẹ́ǹṣì, òun ti la ẹnu.

Lẹ́yìn náà ńkọ́, Ọ̀gbẹ́ni Kurose?

Ó ní lẹ́yìn náà, òun dúró kí Niiya bú òun.

Ó ní kò sígbà tí òun jáde ní bẹ́ǹṣì yẹn tí ẹnì kan ò ní kí òun rọra, pé ìbàdí òun máa yẹ̀. Òun jáde, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Òun wo ibi tó máa ń lóṣòó sí, kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó ní òun ò rántí ohun tí òun jáde wá ṣe mọ́. Ìgbà tí òun máa fi rántí, a ti tẹrí ba.

Ó ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, òun ò ṣàánú wa, ì bá wu òun kí òun ké. Ó ní ó ṣì ń dun òun títí di ìsinsìnyí.

Ẹ ṣé, Ọ̀gbẹ́ni Kurose. Ẹ jókòó, ẹ má jẹ́ kí ìbàdí yín yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ni.

Ẹ ń mi orí. Àwọn kan ní kí a dá àsíá padà, mo gbọ́ yín. Ọ̀gbẹ́ni Kurose ní òun ò ní gbà á, pé a ti tẹrí ba, ó ti parí. Alága ní tirẹ̀ ní òfin wà lẹ́yìn wa. Òótọ́ ni. Kí ló wá dé tí ọkàn mi ò fi balẹ̀? Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ síta, á yé mi. Mo ti sọ ọ́, kò yé mi. Àgbà méjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti lo ayé wọn nídìí eré yìí, ọ̀kan ò mọ ẹni tó kàn, èkejì ò mọ ohun tó fẹ́ sọ, torí pé ẹnì kan ò sí níbi tó máa ń lóṣòó sí. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ìyá Kozue, bọ́ọ̀lù náà nìyí. Ẹ ti gbọ́ bí a ṣe rí i. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ò gbà á, ẹ ò jẹ̀bi, màá gbé e padà sápò mi, mi ò ní bínú. Ẹ má dìde. Wọ́n ti dìde. Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n kọjá.

Ẹ rọra sọ ọ́, màá sọ ọ́ síta fún wọn.

Ìyá Kozue ní nílé àwọn, ọkọ wọn ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú ọpọ́n omi gbígbóná nírọ̀lẹ́ kí àwọn yòókù tó wọ inú omi kan náà tẹ̀ lé ara wọn, bí gbogbo ilé ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní láti ìgbà tó ti lọ, àwọn á gbé omi kaná, ìyá ọkọ wọn á ní kí Kozue lọ wẹ̀, Kozue á ní kí màmá àgbà kọ́kọ́ lọ, màmá àgbà á ní kí Ìyá Kozue lọ, Ìyá Kozue fúnra wọn á ní ó di ìgbà tí àwọn bá fọ abọ́ tán. Omi á tutù. Wọ́n ní ọjọ́ mìíì wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò wẹ̀.

Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Ìyá Kozue.

Wọ́n ní, "Kóòṣì, ẹ gbé bọ́ọ̀lù yẹn fún mi. Mi ò ní sọ fún un pé ẹ borí, mi ò sì ní sọ fún un pé ẹ ò borí. Màá sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kàn mọ́, níta àti nílé."

Ẹ gbà á, Ìyá Kozue. Ẹ gbà á, kò sí àpótí, ẹ má bínú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà kí n tó jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò ní ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ ò ní ṣẹ́ lápá, òkun ò ní gbé ẹnikẹ́ni nínú yín. Hori, igi rẹ á kan bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí, bó bá sì tún dùn ọ́ níbì kan, la ẹnu kó o sọ ọ́. Mukai, ọwọ́ rẹ ò ní rọ. Kóòṣì tuntun tẹ́ ẹ yàn, kó máa pe orúkọ oníkálukú bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin ará Sakazu, ẹ máa dé ilé láyọ̀, ẹ ó na Tobera lọ́dún mìíì, kò ní jẹ́ lójú mi. Ẹni tó lọ, kó sinmi. Àwa tó kù, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣìnà.

Wọ́n ní títí di òpin ìjókòó yìí, èmi ṣì ni kóòṣì. Ó dáa. Ìyá Kozue, lálẹ́ òní, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ omi. Lẹ́yìn yín ni màmá àgbà, lẹ́yìn màmá àgbà ni Kozue. Ẹ fi abọ́ sílẹ̀ láìfọ̀. Ẹ má bá ara yín jiyàn, ẹ wọlé nígbà tó ṣì gbóná.

Ẹ ṣé o.